Àwọn Ewúrẹ́ Oníyẹtí ti Máfolúkú

Ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún, 2025

Morọ́lá dé ní agogo méje àárọ̀ pẹ̀lú báàgì méjì àti bàtà òjò. Ọmọ yunifásítì tó máa dúró lẹ́nu géètì ni mo ń retí, tó máa na ìka sí ẹran láti òkèèrè, tó sì máa béèrè ibi tí òun ti lè fọwọ́. Ẹni tó wá yìí wọ inú ọgbà ewúrẹ́ tààrà, ó kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ ẹran, ó gbé etí ewúrẹ́ mi Àdùnní sókè, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń di irun fún ọmọdé.

Ó ní iṣẹ́ dókítà ẹran lòun kọ́kọ́ kọ́, pé lẹ́yìn náà lòun lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, nítorí pé kí wọ́n tó pe òun wá wo ẹran, ẹran náà á ti máa kú lọ. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún oyè ọ̀mọ̀wé ni pé kí ẹ̀rọ mọ̀ pé ara ẹran ti ń gbóná kí ojú èèyàn tó rí i. Ó fi yẹtí kékeré kọ̀ọ̀kan sí etí ewúrẹ́ mi mọ́kọ̀ọ̀kànlélógún. Yẹtí ń wọn bí ara ṣe gbóná sí, ó sì ń fi í ránṣẹ́ sí àpótí kan tí Morọ́lá fi kọ́ sára ògiri mi. Bí gbogbo nǹkan bá dára, iná àpótí á tan àwọ̀ ewé. Bí ara ọ̀kan nínú wọn bá gbóná, á tan pupa, á máa ké, nọ́ńbà ẹran náà á sì yọ.

Ìyá Àjíbíkẹ́, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tèmi, tí ewúrẹ́ tirẹ̀ sì ń rìn kiri títí dé ojú ọ̀nà Apákun, dúró lẹ́nu géètì, ó ń wò wá. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ti ra góòlù fún ewúrẹ́. Ó ku kí ẹ rán wọn lọ síléèwé."

Mo ní ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ èèyàn, mi ò rí ìyàtọ̀ tó pọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 8 oṣù Karùn-ún

Òjò rọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ní agogo mẹ́rin, àpótí kọ ọ́ síta pé gbogbo ewúrẹ́ mi ti kú. Mo sáré jáde. Gbogbo wọn ló dúró lábẹ́ páànù, wọ́n ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́, wọ́n ń wò mí. Mo pe Morọ́lá. Ó ní, "Etí wọn ló tutù, Mà. Ẹ̀rọ rò pé òkú ni wọ́n." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà dùn ún.

Èèpo ẹ̀gẹ́ tún ti gbówó lórí. Wọ́n ní òjò ni kò jẹ́ kó gbẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 oṣù Karùn-ún

Oòrùn ló dé lónìí. Àpótí tan pupa fún mọ́kọ̀ọ̀kànlélógún, ó ń ké bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú. Morọ́lá wá, ó jókòó síwájú ilé, ó gbé kọ̀ǹpútà lé itan, kò jẹun títí di ọ̀sán.

Ìsmáílà tó ń tún fóònù ṣe ní ojúlé kejì gbọ́ ariwo, ó wá wo ohun tó ń ké. Ó ṣí àpótí, ó rí i pé omi ti wọ ibi tí wọ́n ti jó wáyà pọ̀. Ó tún un jó, ó fi gọ́ọ̀mù dí i. Morọ́lá jókòó tì í, ó ń kọ gbogbo bó ṣe ń ṣe é sílẹ̀, ó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ìsmáílà ní ẹnikẹ́ni láti yunifásítì kò bi òun léèrè ọ̀rọ̀ rí. Títí di ìrọ̀lẹ́ ló ń rìn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ oyè.

Ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn tún mú, pupa náà padà wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13 oṣù Karùn-ún

Ojú Morọ́lá ti wọnú. Ọ̀gá rẹ̀ ní yunifásítì sọ fún un pé ẹ̀rọ tí kò bá lè mọ ìyàtọ̀ láàárín òjò àti ikú, kò yẹ ní ohun tí èèyàn ń gbé lọ síwájú àwọn olùdánwò. Kò sì ju oṣù méjì lọ tó kù kí ó lọ dúró níwájú wọn.

Mo bu ògì gbígbóná fún un, mo fi àkàrà tì í. Kí ilé má baà dákẹ́ jù, mo ń sọ ìtàn iléèwé fún un. Mo ní nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá iléèwé ní Ìsọlọ̀, tí gbogbo kíláàsì bá ń wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, mo mọ̀ pé eruku ni, màá ní kí wọ́n ti fèrèsé. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo ló ń wúkọ́ láàárín ogójì, ìyá rẹ̀ ni màá ránṣẹ́ pè.

Ṣíbí dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ.

"Gbogbo wọn ni òjò ń pa pọ̀. Gbogbo wọn ni oòrùn ń pa pọ̀." Ó ti ń fa kọ̀ǹpútà yọ. "Kì í ṣe pé kí n máa bi ẹ̀rọ bóyá ara ewúrẹ́ yìí gbóná. Ohun tó yẹ kí n máa bi í ni bóyá ó gbóná ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ."

Ògì yẹn tutù síbẹ̀. Mo jókòó, mo ń wò ó bí ìka rẹ̀ ṣe ń sáré. Ọmọ tí mo ti kọ́ lé ní ẹgbẹ̀rún. Àwọn tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ lásán lẹ́nu àgbà kí wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́ láàárín ṣíbí kan sí èkejì, wọn ò pé márùn-ún.

Ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Karùn-ún

Òjò, lẹ́yìn náà oòrùn, lẹ́yìn náà òjò. Àwọ̀ ewé ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Karùn-ún

Àbúrò mi ọkùnrin fi òbúkọ ńlá kan ránṣẹ́ sí mi láti Ìkirè fún Iléyá. Ẹran tó dára ni, ó dúdú, irùngbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Morọ́lá. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, kó má tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù. Ọjọ́ mẹ́rìnlá. Kátà tó ń pa ewúrẹ́ ń jà káàkiri."

Mo mọ kátà. Ọdún tó wọ ọgbà mi, imú àti ẹnu wọn ló kọ́kọ́ ń dà, kí ọ̀sẹ̀ méjì sì tó pé, mo ti sin mẹ́sàn-án. Mo so òbúkọ náà mọ́ ẹ̀yìn ilé lábẹ́ páànù àlòkù. Kò sí yẹtí tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ Morọ́lá tó lè fi sí i létí.

Ọjọ́bọ̀, 22 oṣù Karùn-ún

Ìjì gbé páànù ẹ̀yìn ilé lọ. Òbúkọ ń gbọ̀n nínú òjò, omi ti dé orúnkún rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo mú un wọ inú ọgbà lọ sọ́dọ̀ àwọn yòókù. Mo ní títí òjò á fi dá ni. Òjò dá, mi ò mú un jáde. Mi ò sì sọ fún Morọ́lá.

Ọjọ́ Ajé, 26 oṣù Karùn-ún

Òbúkọ ń sín. Òtútù ọjọ́ ìjì yẹn ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 oṣù Karùn-ún

Àpótí tan pupa ní agogo mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀: nọ́ńbà keje, Àdùnní. Mo lọ wò ó. Ó ń jẹun, ó ń fi orí kan àwọn ọmọ ẹran, imú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ogún ọdún ni ojú mi yìí ti fi ń wo ewúrẹ́. Mo ní ẹ̀rọ tún ti bẹ̀rẹ̀ wàhálà rẹ̀. Ó ké títí orí fi ń fọ́ mi. Mo yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná.

Morọ́lá pè ní ìrọ̀lẹ́ pé òun kò rí iṣẹ́ tí àpótí máa ń fi ránṣẹ́ sí òun lójoojúmọ́. Mo ní wọ́n mú iná lọ.

Ọjọ́bọ̀, 29 oṣù Karùn-ún

Imú òbúkọ ń dà, ipin ti lẹ ojú rẹ̀ pọ̀. Imú Àdùnní náà ti ń dà. Mo sáré dá wáyà àpótí padà. Pupa: keje, kẹsàn-án, kẹrìnlá, kọkànlélógún. Mo pe Morọ́lá, mo ní kó máa bọ̀. Mi ò lè sọ ìyókù lórí fóònù.

Ọjọ́ Jímọ̀, 30 oṣù Karùn-ún

Òjò àná kò dá. Ojú ọ̀nà Apákun kún, ọkọ̀ kò lè kọjá. Morọ́lá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀, ó gbé kúlà abẹ́rẹ́ àjẹsára rù, ó fi ẹsẹ̀ la omi wá. Nígbà tó fi dé, aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin, ṣùgbọ́n omi dídì inú kúlà kò tíì yọ́. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ṣí wò kó tó nu ojú.

Mo jẹ́wọ́ fún un. Mo ní èmi ni mo mú òbúkọ wọlé, èmi ni mo yọ wáyà, wọn ò mú iná kankan lọ. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni mí, mo dúró níwájú ọmọ tí mo lè bí bí akẹ́kọ̀ọ́ tó jí gègé.

Kò bú mi. Ó ní, "Ọjọ́ wo lẹ mú un wọlé, Mà?"

"Ó wà nínú ìwé tí mo ń kọ."

"Àsìkò tí pupa kọ́kọ́ tàn ńkọ́?"

"Òun náà wà níbẹ̀."

"Ẹ bá mi mú ìwé náà wá, Mà. Ẹ ṣeun tí ẹ kọ ọ́."

Mo ka ojú ewé wọ̀nyí sí i létí, mo ka irọ́ tí mo pa fún un náà. Ó ń kọ ọjọ́ àti agogo sílẹ̀, kò gbójú sókè. Nígbà tí mo parí, ó ní ọjọ́ méjì gbáko ni pupa Àdùnní fi ṣáájú ohun tí ojú lè rí. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí inú òun dùn.

Ó wá ká ọwọ́ aṣọ sókè. A kó mẹ́rin tí iná wọn pupa àti òbúkọ sí apá kan, a fi pákó dí àárín. Mẹ́tàdínlógún tó kù gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, Ìsmáílà ló ń bá wa di ẹsẹ̀ wọn mú. Mo rò pé á jókòó lẹ́yìn ìyẹn. Ó tún gbé kúlà, ó sọdá sí ilé Ìyá Àjíbíkẹ́. Ìyá Àjíbíkẹ́ ní ẹnikẹ́ni kò ní fi ewúrẹ́ òun kọ́ṣẹ́. Morọ́lá jókòó sórí àtẹ̀gùn obìnrin náà nínú aṣọ tútù fún bíi wákàtí kan, ó ń ṣàlàyé, kò gbé ohùn sókè.

Ó padà wá, kò rí ẹyọ kan gún. "Ṣùgbọ́n ó gbà láti so wọn mọ́lẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Mà," ni ó sọ, bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ọjọ́ Àìkú, 1 oṣù Kẹfà

Òbúkọ kú láàárọ̀. Mo ní kí n wá ẹni tó máa gbẹ́ kòtò. Morọ́lá ní ẹni náà lè padà wá hú u fún jíjẹ tàbí títà. Ó gba ṣọ́bìrì, ó gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀ títí kòtò fi dé àyà rẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù Kẹfà

Agogo mẹ́fà àárọ̀ ló ń dé lójoojúmọ́ láti Ire-Akari, níbi tó ń gbé lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Ó ń fi omi iyọ̀ fọ egbò ẹnu wọn, ó ń fi ìgò ìfọ́mọlọ́mú da omi oníṣúgà sí wọn lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ó ń gún wọn lábẹ́rẹ́, ó ń pe kálukú lórúkọ. Àdùnní kò jẹun láti àná.

Mo pe àwọn oníbàárà mẹ́ta tó ti ní àwọn máa ra òbúkọ Iléyá lọ́wọ́ mi. Mo ní ẹran kankan kò ní jáde. Ọ̀kan bínú gan-an, ó ní kátà kì í mú èèyàn. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n máa so ẹran náà mọ́ títí di ọjọ́ Iléyá, ewúrẹ́ ẹlòmíì wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 4 oṣù Kẹfà

Kọkànlélógún kú. Ọmọ ẹran ni, mi ò tíì sọ ọ́ lórúkọ.

Ọjọ́ Jímọ̀, 6 oṣù Kẹfà

Iléyá. Mo lọ kírun ní yídì, mo padà wá bọ́ ewúrẹ́. Mi ò pa ẹran. Hàkímù ọmọ mi gbé ẹran àgbò wá láti ilé rẹ̀, a dín díẹ̀ jẹ. Morọ́lá wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ọdún, Mà, ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé." Bàtà òjò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, ó sì gba inú ọgbà lọ.

Àdùnní jẹ ewé mẹ́ta. Mo kà á.

Ọjọ́rú, 11 oṣù Kẹfà

Ṣúgà kú, nọ́ńbà kejìlá. Ó gba àjẹsára, ṣùgbọ́n àrùn ti wọ ara rẹ̀ ṣáájú; iná rẹ̀ kò sì pupa láti ìgbà tí kátà ti wọlé. Apá àwọn tí ara wọn le ló wà, àwa tí a ń ṣaájò àwọn aláìsàn kò sì yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí ẹ̀rọ ní àlàáfíà ló wà. Àfi bá a ṣe bá a nílẹ̀.

Morọ́lá tú yẹtí rẹ̀ wò. Bátìrì inú rẹ̀ ti kú láti ìparí oṣù tó kọjá. Nọ́ńbà tó sọ kẹ́yìn kó tó kú ni àpótí ń tún sọ fún wa lójoojúmọ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọgbà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa rí omi lójú rẹ̀ nìyí láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni, Mà. Ẹ̀rọ tí mo ṣe, tí kò bá mọ nǹkan, ó ń purọ́."

Mo ní, "Èmi náà pa tèmi. Dìde, kẹsàn-án kò tíì mu omi."

Ó dìde.

Ọjọ́ Ajé, 16 oṣù Kẹfà

Àdùnní fi orí kàn mí ṣubú lónìí níbi tí mo ti ń da èèpo iṣu sílẹ̀. Ìbàdí ń dùn mí, inú mi sì ń dùn. Kẹsàn-án àti kẹrìnlá ń jẹun. Ewúrẹ́ mọ́kàndínlógún ló kù nínú mọ́kànlélógún. Èyí tí kátà mú lọ́dún yìí, tòun ti òbúkọ, kò ju ìdámẹ́ta èyí tó mú nígbà yẹn lọ.

Ewúrẹ́ Ìyá Àjíbíkẹ́ ń ké lórí ìso. Kò tíì tú wọn sílẹ̀.

Ọjọ́rú, 25 oṣù Kẹfà

Nínú pálọ̀ mi ni Morọ́lá wà nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ pè. Ó fi fóònù sórí tábìlì kí ó lè máa kọ̀wé, nítorí náà mo gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Yọ ewúrẹ́ kejìlá kúrò nínú ìwé," ni ọkùnrin náà sọ. "Bátìrì ló kú, kò kan ọgbọ́n tó o dá. Tó o bá yọ ọ́, ẹ̀rọ rẹ kò ṣi ọ̀kankan."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tó bá máa lo ẹ̀rọ yìí ní Máfolúkú, bátìrì tirẹ̀ náà máa kú."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n dá ọ padà ni?"

"Rárá sà. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ ọ́."

Ọ̀gá náà ní òun ti sọ tòun. Ó pa fóònù. Morọ́lá gbé bírò sílẹ̀. Ó bi mí bóyá òun ti ya òmùgọ̀. Mo ní mo ti ṣe ọ̀gá fún tíṣà ogún, nínú wọn mi ò mọ mẹ́ta tó lè sọ "mi ò ní yọ ọ́" fún ẹni tó máa fọwọ́ sí ìwé wọn.

Èmi fúnra mi kò lè sọ ọ́. Mo kọ èyí síbí nítorí òótọ́ ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kẹfà

Òun àti Ìsmáílà ti wà nídìí àpótí láti ọjọ́ mẹ́ta. Ní báyìí, tí yẹtí kan bá dákẹ́ fún wákàtí kan, iná kẹta á tàn, aláwọ̀ ìyeyè. Ara fóònù tó ti bàjẹ́ ni Ìsmáílà ti rí iná náà yọ. Mo bi wọ́n ohun tí ìyeyè túmọ̀ sí.

Ìsmáílà ní, "Ẹ̀rọ ń sọ pé òun ò mọ̀ ni, Mà. Kí ẹ lọ fi ojú yín wò ó."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù Keje

A bá a lọ sí yunifásítì. Èmi wọ léèsì, Ìsmáílà wọ agbádá tí mi ò mọ̀ pé ó ní. Wọ́n fi wá jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn. Morọ́lá dúró níwájú àwọn olùdánwò márùn-ún, ó ń fi àwòrán hàn lára ògiri. Mo rí etí Àdùnní níbẹ̀, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ.

Obìnrin kan tó ti hu ewú, tó ti ìlú mìíràn wá láti dán an wò, ṣí ìwé. Ó ní, "Sọ̀rọ̀ ewúrẹ́ kejìlá fún wa."

Ọ̀gá Morọ́lá wo ilẹ̀. Morọ́lá sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: bátìrì tó kú, nọ́ńbà tí àpótí ń tún sọ, bí àwa méjèèjì ṣe fọkàn tán àwọ̀ ewé tí a kò yẹ ẹran wò. Ó dárúkọ Ṣúgà. Ó wá tan iná ìyeyè fún wọn.

Obìnrin náà wò ó pẹ́. Ó ní, "Ẹ̀rọ tó ń sọ pé òun mọ gbogbo nǹkan, mo ti rí wọn gan-an. Èyí tó gbà pé òun ò mọ̀, àkọ́kọ́ rèé." Ó kọ nǹkan sílẹ̀.

Wọ́n ní ká jáde. Ogójì ìṣẹ́jú la fi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìsmáílà ń ká agbádá léjìká, ó ń sọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n pè wá padà, Dókítà Morọ́lá ni wọ́n pè é, wọ́n ní kó tún ojú ewé mẹ́rin péré kọ. Ọ̀gá rẹ̀ ló kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ó ní òun ìbá ti jẹ́ kí ó ṣe àṣìṣe ńlá. Mo gbóríyìn fún un pé ó lè sọ ọ́ lójú gbogbo wa.

Mo sunkún díẹ̀. Wọ́n fún mi ní tíṣù.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù Keje

Morọ́lá rí àjẹsára gbà fún àdúgbò. A kéde ní mọ́ṣáláṣí lánàá, a sì ti kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Àìkú tó kọjá. Mo ní tí a bá rí ewúrẹ́ mẹ́wàá, ká dúpẹ́. Nígbà tí mo ṣí géètì ní agogo méje, wọ́n ti tò dé ìta: ewúrẹ́ lórí okùn, ewúrẹ́ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù, ọmọ ẹran nínú báàgì aṣọ tí orí rẹ̀ yọ síta. Mo mú rẹ́jístà. Mo ń kọ nọ́ńbà, olówó ẹran, orúkọ ẹran. Ìsmáílà ń dì wọ́n mú. Morọ́lá ń gún wọn, ó ń kí olówó wọn, kò jókòó láti agogo méje di ọ̀sán.

Ìyá Àjíbíkẹ́ ló wá kẹ́yìn. Ewúrẹ́ rẹ̀ márùn-ún ló fà lórí okùn kan ṣoṣo, ọ̀kankan kò kú nínú wọn. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n gún mẹ́rin. Ó kan ìkarùn-ún, abo kékeré kan tó funfun lórí.

Mo ní, "Kí lorúkọ èyí?"

"Kò tíì ní." Ó tún okùn dì mú. "Ẹ kọ Morọ́lá síbẹ̀."

Gbogbo ìta yíjú sí i. Ní àdúgbò wa, tí èèyàn bá fi orúkọ rẹ pe ewúrẹ́, ìjà ló ń wá. Ìyá Àjíbíkẹ́ rí ojú wa. Ó ní, "Òun ni mi ò ní tà. Òun ni mi ò ní pa. Ọmọ rẹ̀ ni màá máa tọ́."

Mo wo Morọ́lá. Ó ti kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ bá mi kọ ọ́, Mà," ni ó sọ.

Mo kọ ọ́ gàdàgbà. Mẹ́rìnlélọ́gọ́ta: Morọ́lá, ti Ìyá Àjíbíkẹ́. Ó ti gba abẹ́rẹ́.